Adìẹ tuntun mẹ́rin dé, àwọn ti ilé kò gbà wọ́n

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Àró ní Àkúrẹ́ níbí ni mò ń gbé. Adìẹ 6 ni mo ní lẹ́yìnkùlé, àkùkọ kan wà nínú wọn. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo ra abo adìẹ 4 tó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yé ẹyin, mo sì kó wọn sínú ilé adìẹ kan náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ṣá ọ̀kan lórí títí ẹ̀jẹ̀ fi ń dà. Àwọn 3 yòókù kò lè dé ìdí oúnjẹ. Àwọn ti ilé gan-an kò yé ẹyin mọ́ láti ọjọ́ náà. Kí ni kí n ṣe kí wọ́n lè gba ara wọn?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú wàhálà àwọn adìẹ o. Màá dáhùn ohun tí ẹ bi mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí ẹ kò bi, torí òun ló ń já mi láyà jù. Ìjà tí ẹ̀ ń rí yìí máa parí. Àìsàn tí adìẹ ọjà lè gbé wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, òun ló lè kó gbogbo wọn lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ọmọ iléèwé ni mí nígbà náà, ní ìlú Oǹdó. Wọ́n fún ìyá mi ní àkùkọ kan fún Kérésìmesì, àkùkọ pupa tó sanra, ogbe rẹ̀ ń dán. A so ó mọ́ ìdí igi ọsàn, àwọn adìẹ wa sì ń lọ bá a ṣá àgbàdo. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, àgbébọ̀ kan fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀, apá rẹ̀ wọ́ sílẹ̀, ó ń ya ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ kejì, ọrùn òmíràn ti lọ́, ojú ọ̀run ló ń wò ṣáá. Adìẹ 11 la sin kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Àkùkọ pupa yẹn kò ṣàìsàn rárá. Ìyá mi ní ayé ló ṣe wọ́n. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé lùkúlùkú ni, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Newcastle, àti pé adìẹ tó ti gba àjẹsára tàbí tó ti là á já lè gbé fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ kiri kí ara tirẹ̀ sì le koko.

Lùkúlùkú kò ní oògùn. Bó bá ti wọ ara adìẹ, ó lè tó ọjọ́ 2 sí 15 kí ó tó fara hàn, nítorí náà adìẹ tó ń jẹun dáadáa lónìí kò tíì fi ohunkóhun hàn yín. Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń jà jù lọ́dọ̀ wa, nígbà tí gbogbo ayé ń ra adìẹ ọdún tí wọ́n sì ń gbé e láti ìlú dé ìlú. Àwọn àìsàn mìíràn tún wà tí kì í pa adìẹ kíákíá: èyí tó máa ń jẹ́ kí adìẹ máa mí bí ẹni pé ikun dí i ní ọ̀fun, àti èyí tó máa ń mú ojú wú tí imú sì ń rùn. Adìẹ tí ìwọ̀nyí bá ṣe tó sì yè é, ó lè máa pín in fún ẹlòmíràn títí tí yóò fi kú. Ní Ọjà Ọba, inú àgò kan ṣoṣo lẹ ti lè rí adìẹ ilé mẹ́rin, márùn-ún. Ẹ rò ó wò.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ gbogbo ẹni tó ń ra adìẹ pé kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún 30 ọjọ́ gbáko, ó kéré tán kí ó jìnnà tó ìrìn ẹsẹ̀ 15 sí àwọn ti ilé. Àwọn ti ilé lẹ máa kọ́kọ́ bọ́, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àlejò. Ẹ ní sálúbàtà kan tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan lẹ máa ń wọ̀ ọ́ lọ, ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́ bí ẹ bá ti ń jáde. Ike omi ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ti ilé.

Tiyín ti jọ sùn sójú kan, kò sì sí bí a ṣe lè dá ìyẹn padà. Ẹ ṣì yọ àwọn 4 náà lónìí nítorí ọgbẹ́ àti ebi, kí ẹ wá ka gbogbo adìẹ 10 sí àlejò. Fún 30 ọjọ́, ẹ má ta ọ̀kankan nínú wọn, ẹ má fi tọrẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ti aládùúgbò wọlé.

Èyí tó fara gbọgbẹ́, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí wẹ orí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi GV kùn ún, oògùn aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì. Yàtọ̀ sí pé ó ń pa kòkòrò, ó ń bo àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí adìẹ bá ti rí pupa lára ẹnì kejì, kò ní yéé ṣá a níbẹ̀. Mo ti rí ibi tí ọgbẹ́ kékeré bí èékánná ti di ikú kí ọjọ́ tó kanrí.

Ní alẹ́ ọ̀la, nígbà tí àdúgbò bá ti pa rọ́rọ́, ẹ lọ dúró lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń sùn, ẹ má tan iná, ẹ kàn fetí sílẹ̀. Adìẹ tí ara rẹ̀ dá kì í dún bó bá ń mí. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn bí ìgbà tí omi ń hó fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, tàbí tí ọ̀kan ń sín, ẹ sàmì sí i. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi apá òsì dì í mọ́ra, ẹ dorí rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ìyẹ́ abẹ́ ìdí rẹ̀ kó là. Bó bá ní iná lára, àwọn kòkòrò kéékèèké inú ìyẹ́, ẹ máa rí i tí wọ́n ń sá, ẹ sì máa rí ẹyin wọn tó dì funfun mọ́ ìdí ìyẹ́ bí iyọ̀ tó gbá jọ. Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀pọ̀ adìẹ tí wọ́n ní kò yé ẹyin dáadáa, ibẹ̀ yẹn ni mo ti rí ìdí rẹ̀.

Ní ti àjẹsára, ẹ fún àwọn tuntun ní ọ̀sẹ̀ kan kí ara wọn balẹ̀, kí ẹ wá fún gbogbo wọn ní Lasota, àjẹsára lùkúlùkú, lọ́jọ́ kan náà. Ara adìẹ nílò bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ kó tó lè dáàbò bo ara rẹ̀. Inú yìnyín ni kí wọ́n ti tà á fún yín, inú yìnyín náà ni kó sì wà dé ilé. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ pò ó, torí kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi yóò pa àjẹsára náà. Omi kànga tó mọ́ tàbí omi òjò ló dára, kí ẹ po mílíìkì oníyẹ̀fun díẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ gbé omi kúrò níwájú wọn fún wákàtí kan sí méjì ní kùtùkùtù, kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, kí wọ́n sì mu omi àjẹsára náà tán láàárín wákàtí méjì. Ìgò kan máa ń tó ọgọ́rùn-ún adìẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ṣeé tọ́jú bí ẹ bá ti ṣí i. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn aládùúgbò yín tó ń sin adìẹ dá owó pọ̀ láti rà á, kí kálukú fi omi ilé tirẹ̀ pò ó. Ààbò tiyín náà ni, torí ohun tó bá ń ṣe adìẹ ilé kejì kì í pẹ́ fo ògiri. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún un ṣe.

Ó wá ku ìjà. Adìẹ kì í gbé pọ̀ láìmọ ẹni tó jẹ́ àgbà. Ará Nọ́wè kan, Thorleif Schjelderup-Ebbe, tó ti ń wo adìẹ láti kékeré, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1921: èyí tó jẹ́ ọ̀gá lè ṣá gbogbo ẹgbẹ́, igbákejì rẹ̀ ń ṣá àwọn tó kù, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ dé orí èyí tí gbogbo wọn ń ṣá. Àwọn àgbà wa tó ń da àgbàdo sílẹ̀ láràárọ̀ náà rí i pẹ̀lú. Bí àlejò bá wọlé, gbogbo ipò tú ká nìyẹn, àfi kí wọ́n tún un tò. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ: àwọn tuntun ń jìyà, ara àwọn ti ilé náà kò balẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹyin fi dúró. Ó máa padà bọ̀ bí wọ́n bá ti mọ ipò wọn.

Lẹ́yìn 30 ọjọ́ náà, ẹ fi wáyà pín ilé adìẹ sí méjì, kí wọ́n máa rí ara wọn kí wọ́n má lè fara kan ara wọn, fún ọjọ́ 7 sí 10. Ẹ gbé oúnjẹ apá méjèèjì sún mọ́ wáyà náà kí wọ́n jọ máa jẹun ní ìfojúkojú. Bí ẹ bá ti rí i pé wọn kò sáré wá ṣá wáyà mọ́, ẹ dúró di alẹ́. Adìẹ kò ríran dáadáa nínú òkùnkùn. Ẹ gbé àwọn 4 náà jẹ́jẹ́, ẹ tò wọ́n sórí igi ìsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ti ilé, kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tó tó 20 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ má lọ sùn kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di aago mẹ́jọ o. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni kí ẹ ti wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbé oúnjẹ sí ojú ibi méjì, omi sí ojú ibi méjì, kí ẹnì kan má lè ṣọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ fi pákó tàbí páànù kan dábùú inú àgbàlá kí èyí tí wọ́n ń lé lè rí ibi sá sí. Wọ́n á lé ara wọn, ìyẹ́ díẹ̀ á fò, ẹ má dá sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ dá sí i. Ó lè jẹ́ pé àgbébọ̀ kan ṣoṣo ni kò ní fún wọn nísinmi. Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbé àlejò jáde, àṣìṣe sì ni. Ọ̀dáràn yẹn ni kí ẹ gbé jáde fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Bó bá padà wọlé, òun náà á ti di àlejò, agbára rẹ̀ á ti rọlẹ̀. Àkùkọ yín á ràn yín lọ́wọ́, torí àkùkọ kì í sábà fi abo tuntun ṣọ̀tá. Ẹ kàn má ra àkùkọ kejì.

Bí adìẹ méjì tàbí mẹ́ta bá kú lẹ́ẹ̀kan náà nínú 30 ọjọ́ yìí, ẹ má pa àwọn tó kù láti pín wọn fún aráalé. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn, ẹ sin àwọn tó kú, kí ẹ kàn sí àwọn dókítà ẹran níléeṣẹ́ ìjọba ní Alágbàka.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wọn ló kù. Oúnjẹ adìẹ tó ń yé ẹyin kò tíì yẹ àwọn tuntun, torí èròjà tó ń mú èèpo ẹyin le pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń ba kíndìnrín adìẹ tí kò tíì yé jẹ́. Bí gbogbo wọn bá ti jọ wà pọ̀, oúnjẹ adìẹ tó ń dàgbà ni kí ẹ fún gbogbo wọn. Ẹ wá ìkarahun ìgbín, ẹ sá a gbẹ, ẹ gún un wẹ́wẹ́, kí ẹ gbé e sínú agolo ọ̀tọ̀. Àwọn àgbébọ̀ yín á lọ ṣá a fúnra wọn, àwọn kéékèèké á kọjá lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹyin àkọ́kọ́ tiwọn, tó kéré, tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì lè wà lára èèpo rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti ń yé, ẹ lè dá gbogbo wọn padà sórí oúnjẹ adìẹ tó ń yé ẹyin.