Àdéhùn tí ọ́físà lébẹ́rì ò bá yín fọwọ́ sí, bébà lásán ni o

Ẹ̀gbọ́n mi ará Igbájà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó oko. Mo ka ìbéèrè yín dáadáa. Ẹ fẹ́ gba ọmọ mẹ́fà tí wọ́n á máa kọ́ iṣẹ́ ẹja àti ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ yín, àwọn kan á máa gbé pẹ̀lú yín, àwọn kan á máa tilé wá, akọ̀wé ti bá yín tẹ àgíríméǹtì, bàbá ọmọ á sáìn, ẹ̀yin náà á sáìn, Baálẹ̀ á ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ wá ní ṣé ìyẹn ti tó. Kò tó o. Irú ìwé yẹn gan-an ló wà lọ́wọ́ èmi náà lọ́dún 2019, ojú mi sì rí nǹkan.

Oko wa wà lẹ́yìn Àjàṣẹ́-Ìpo, èmi àti ọkọ mi la jọ ń ṣe é, ẹ̀gẹ́ la ń gbìn, a sì ní póǹdù ẹja mélòó kan. Ọkùnrin kan mú ọmọkùnrin kan wá, ó ní àbúrò bàbá ẹ̀ lòun, ó ní ọmọ ti pé 18. Ọmọ náà ga, ó lágbára, n ò bi wọ́n ní ìwé ọjọ́ orí, n ò sì béèrè pé ìyá ẹ̀ ńkọ́. A kọ ìwé, wọ́n sáìn, a pín obì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà ó gbé táǹkì tí wọ́n fi ń fín oko kọ́ ẹ̀yìn. Táǹkì yẹn ń jò níbi ìdérí ẹ̀, gbogbo wa la mọ̀, ọ̀rá la fi máa ń wé e. Paraquat ló wà nínú ẹ̀, èyí tó máa ń jó koríko gbẹ kíákíá yẹn. Ọmọ fín in láti aago méje títí oòrùn fi dé àtàrí, ẹ̀wù ẹ̀ tutù lẹ́yìn títí dé ibi bẹ́líìtì, ó rò pé òógùn ni. Nígbà tó máa bọ́ ẹ̀wù nírọ̀lẹ́, awọ ara bá ẹ̀wù lọ. Mo fojú mi rí i. Ó pupa láti abẹ́ èjìká dé ìbàdí, bí ìsàlẹ̀ táǹkì ṣe rí ni egbò náà rí, igun méjèèjì hàn lára ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò ní ọsibítù ní Ìlọrin. Àpò wa ni gbogbo owó yẹn ti jáde, a hú ẹ̀gẹ́ tí ò tíì gbó, a kó ẹja tí ò tíì tó kíló kan tà. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ọmọ là. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé ìyá ẹ̀ yọ láti Ọ̀fà, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ọmọ òun wà lẹ́nu iṣẹ́ rárá, ó mú ìwé ìbí lọ́wọ́, ọmọ ọdún 15 ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà lọ́yà wọlé. A sáré lọ bá lọ́yà tiwa, ó ní ká gbé àgíríméǹtì wá, ó kà á, ó ká a padà, ó wá bi mí pé, "Màámi, ọ́físà lébẹ́rì wo ló jẹ́rìí sí èyí?" N ò mọ ohun tó ń bi mí.

Ohun tí Labour Act, òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà, sọ nìyí. Àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ọ́físà lébẹ́rì, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n fún láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ló jẹ́rìí sí i, tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ sórí ìwé náà pé òun gbà á wọlé. Láìsí ìyẹn, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Baálẹ̀ ò lè dípò ẹ̀, alífáà ò lè dípò ẹ̀, pásítọ̀ ò lè dípò ẹ̀. Ọmọ tó ti lé ní 12 àmọ́ tí ò tíì pé 16, òbí tàbí alágbàtọ́ ẹ̀ ló lè fà á kalẹ̀, ọmọ fúnra ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbà. Ẹni tó ti pé 16 lè fa ara ẹ̀ kalẹ̀. Àdéhùn náà ò sì gbọdọ̀ ju ọdún 5 lọ. Ẹ wò ó, "àbúrò bàbá" tó mú tèmi wá kì í ṣe alágbàtọ́ ọmọ rárá, ọmọ ò gbélé ẹ̀ rí.

Àwọn kan á sọ fún yín pé àwọn tó ní fákítọ̀rì ni òfin yẹn ń bá wí, pé oko ò sí níbẹ̀. Irọ́ ni, ẹ má gbọ́ tiwọn.

Nínú àgíríméǹtì tiyín, ẹ wò ó dáadáa, ó dá mi lójú pé ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá ò mọ̀ sí i. Ó wà nínú tèmi náà, ara ẹnì kan ni gbogbo akọ̀wé yìí ti ń dà á kọ. Èmi gbẹ́kẹ̀ lé gbólóhùn yẹn, mo rò pé ó máa gbà mí. Kò gbà mí o. Employees' Compensation Act ti 2010 sọ ọ́ gbangba pé òṣìṣẹ́ ò lè fi ẹ̀tọ́ owó gbà-má-bínú ẹ̀ tọrẹ nínú àdéhùn kankan, tó bá tiẹ̀ sáìn nígbà ọgọ́rùn-ún. Òfin yẹn kan náà ló sì ka ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. N ò mọ èyí tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti mọ̀ ọ́n ni, gbogbo ìnáwó yẹn ì bá má ti rí bẹ́ẹ̀, torí NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, ló wà fún un. Náírà 1 nínú 100 owó tí ẹ ń san fún òṣìṣẹ́ lóṣù lẹ máa ń dá fún wọn. Tí gbogbo owó oṣù tí ẹ ń san bá jẹ́ ₦200,000, ₦2,000 ni. Ẹ̀gbọ́n, ₦2,000! Èmi ta póǹdù ẹja odindi kan.

Tí ẹ bá ti wọ NSITF, tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó ṣẹlẹ̀), ẹni tó fara pa ní ọjọ́ 14 láti fi tó yín létí, ẹ̀yin sì ní ọjọ́ 7 péré láti fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn. Ọjọ́ 7 yẹn kúrú ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí ọsibítù lẹ máa wà, orí yín á ti dàrú. Èmi ti tẹ fọ́ọ̀mù ẹ̀ sílẹ̀ sínú fáìlì báyìí, orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan ti wà lórí ẹ̀.

Bí a ṣe ṣe é nígbà tí a máa gba ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín. A lọ sí ọ́físì lébẹ́rì ní Ìlọrin, èmi, ọmọ, àti ìyá ẹ̀. Wọ́n ti ní ká lọ ṣe àyẹ̀wò ara ọmọ kọ́kọ́ ná, kí dókítà kọ ọ́ pé ara ẹ̀ gba iṣẹ́ náà, torí òfin ló ní kí ọ́físà rí ìyẹn. Ọ́físà náà ka àdéhùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá fún ìyá bó ṣe ń kà á. Ó béèrè pé níbo ni ọmọ á máa sùn, kí ló máa jẹ, ta ló máa ra aṣọ iṣẹ́, tí ara ẹ̀ ò bá yá ta ló máa tọ́jú ẹ̀, èló lẹ máa fún un lóṣù, báwo ló sì ṣe máa lé sí i lọ́dún kejì. Ibi owó yẹn ni èmi ti fẹ́ bínú díẹ̀, torí nílẹ̀ wa ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ń sanwó fún ọ̀gá, ṣùgbọ́n òfin fẹ́ kó hàn nínú ìwé bí ẹ ṣe máa máa fún ọmọ ní nǹkan. Lẹ́yìn náà ó ní kí n jáde, ó fẹ́ bi ọmọ nìkan bóyá tinútinú ẹ̀ ló fi gbà. Mo jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, àyà mi ń já, mo wá rò ó pé kò sẹ́ni tó bi ti àkọ́kọ́ yẹn ní irú ìbéèrè yìí rí, èmi gan-an ò bi í. Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, ìyá ọmọ tẹ̀ka, ó nu íńkì ẹ̀ sí etí ìró, ó sì yíjú sí mi pé, "Ẹ ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ báyìí o." Mo gbọ́.

Ti ọjọ́ orí ṣe pàtàkì gan-an. Ọmọ tí ò tíì pé 12, ẹ má gbà á fún iṣẹ́ kankan, àfi iṣẹ́ oko fẹ́ẹ́rẹ́ tí ọmọ ń bá ẹbí ara ẹ̀ ṣe. Èyí tí ò tíì pé 16, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó sún mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 4 lọ láìsinmi, kò sì gbọdọ̀ ju 8 lọ lójúmọ́. Ìwé ìbí ni kẹ́ ẹ gbà, ẹ má fi ojú wọn ọmọ.

Kẹ́míkà ńkọ́? NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2024, atrazine, oògùn koríko míì, náà tẹ̀ lé e ní 2025. Ẹ ṣì máa rí ẹni tó máa rọra yọ ọ́ fún yín láti abẹ́ tábìlì. Tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá fara pa nídìí kẹ́míkà tí ìjọba ti fòfin dè, n ò mọ lọ́yà tó máa dúró gbè yín lẹ́yìn. Ní oko wa báyìí ọmọ tí ò tíì pé 18 ò gbé táǹkì rárá, òfin tèmi nìyẹn, àwọn tó ti dàgbà á wọ bóòtù àti ìbọ̀wọ́, èmi fúnra mi ni mò ń fi omi lásán dán táǹkì wò láràárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e.

Àwọn tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ gba owó lọ́wọ́ wọn fún ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Ìforúkọsílẹ̀ CAC tẹ́ ẹ ní ẹ ti ṣe yẹn, orúkọ òwò ló fún yín, kò sọ yín di ilé ẹ̀kọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí sátífíkéètì yín níyì lójú ìjọba, NBTE lẹ máa bá sọ̀rọ̀, àwọn ló ń mójú tó ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Títí dìgbà náà ẹ má kọ "institute" sára pátákó, ẹ kàn kọ ọ́ síwèé fún ọmọ pé ó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí. ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí kíkọ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ́, náà wà níbẹ̀, tí òṣìṣẹ́ yín bá ti tó 5, náírà 1 nínú 100 owó òṣìṣẹ́ lọ́dún lẹ máa dá fún wọn, wọ́n sì lè dá lára ẹ̀ padà tẹ́ ẹ bá fi kọ́ àwọn ènìyàn yín níṣẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ọmọ ti ọjọ́sí yẹn ti di géńdé, ó ṣì máa ń pè mí ní Màámi lórí fóònù, ṣùgbọ́n kì í bọ́ ẹ̀wù láàárín ènìyàn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ kó wọn wá. Ẹ ní kí wọ́n dúró ná. Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé ìbí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ wá kọ ọjọ́ orí wọn síbí fún mi, láìdárúkọ ọmọ kankan, kí n bá yín wo ẹni tó lè sáìn fúnra ẹ̀ àti ẹni tí òbí ẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé yín dé Ìlọrin.