Kí ló dé tí ojú ènìyàn fi ń rí bí eérú nínú àwòrán mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Òjúẹlẹ́gbà, ẹni ọdún 43. Oṣù kìíní ọdún tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà acrylic yàwòrán lálẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Títí di oṣù kẹfà, ńṣe ni ó ń dára sí i. Àwòrán ìyá mi tí mo yà nígbà náà, gbogbo ẹni tó rí i ló dá wọn mọ̀. Àmọ́ láti oṣù kẹjọ, ọwọ́ mi ti padà sẹ́yìn. Ojú tí mo bá kùn a máa rí bí ojú ẹni tí wọ́n da eérú sí lórí. Ọ̀dà máa ń gbẹ mọ́ àwo kí n tó lò ó tán. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí n ya àwòrán àwọn fún ayẹyẹ 60 ọdún wọn, wọ́n sì ra kánfáásì fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti tún un kùn, kò jọ wọ́n. Ṣé ọdún kan kò tó láti mọ̀ bóyá ènìyàn ní ẹ̀bùn tàbí kò ní?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní àwòrán yíyà ní Yábàá, n kò sì tíì rí ẹni kan nínú wọn tí irú ohun tó bá yín lóṣù kẹjọ yìí kò bá. Ẹ jẹ́ ká ti orí eérú bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà sí lójú ènìyàn, iwájú orí tàbí orí imú, ó jọ pé ọ̀dà funfun lẹ máa ń pò mọ́ búráùn kó lè mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni eérú ti ń wọlé. Funfun máa ń mú ọ̀dà mọ́lẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń fa ìgbóná inú rẹ̀ jáde, á wá rí bí ara ọmọ tí wọn kò fi ìpara pa nígbà ọyẹ́.

Lọ́la, kí oníbàárà tó dé, ẹ fa àga sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ na ọwọ́ òsì yín síta kí oòrùn àárọ̀ lè bà á láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ wo oríkèé ìka kan ṣoṣo. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn bà kò funfun rárá. Ó pọ́n, bí epo pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́. Ẹ̀gbẹ́ kejì kò dúdú bí èédú. Ó ṣú, ó sì fẹ́ jọ aró díẹ̀. Àárín méjèèjì ni àwọ̀ ara yín gan-an wà. Bí ẹ bá ti pa ìpara, ẹ ó rí ibì kékeré kan tó ń dán. Ojú ọ̀run ló ń hàn níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń fẹ́ jọ búlúù.

Ẹ wá po ohun tí ẹ rí. Fún ẹ̀gbẹ́ tó mọ́lẹ̀, burnt sienna (búráùn tó pọ́n) àti yellow ochre (yẹ́lò tó jọ amọ̀), kí pupa díẹ̀ tẹ̀lé e. Funfun kò gbọ́dọ̀ ju orí pínnì lọ. Fún òjìji, ẹ po burnt umber (búráùn tó ṣú) mọ́ ultramarine blue (búlúù tó jinlẹ̀). Àwọn méjèèjì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tó ọ̀dà dúdú, àmọ́ ẹ̀mí wà nínú tiwọn. Ọ̀dà dúdú fúnra rẹ̀, ẹ gbé e pamọ́ fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá po oríṣi ọ̀dà mẹ́fà méje pọ̀ fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ẹrẹ̀ ni yóò rí. Bí búlúù lára ènìyàn dúdú bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ wá iṣẹ́ Yusuf Grillo wò. Ọmọ Èkó ni wọ́n, 1934 ni wọ́n bí wọn, wọ́n sì jẹ́ olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba Tech fún ọ̀pọ̀ ọdún. Búlúù bí aró ló kún inú àwòrán wọn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí yóò wo àwọn obìnrin inú rẹ̀ tí yóò ní ara wọn kú.

Ẹ ní alẹ́ lẹ máa ń yàwòrán. Àwọ̀ tí ẹ bá yàn lábẹ́ gílóòbù kọ́ ni oòrùn yóò fi hàn yín láàárọ̀. Ẹ máa fi alẹ́ fa ilà, kí ẹ sì po ọ̀dà ojú lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Acrylic a sì tún máa ṣú díẹ̀ sí i tó bá gbẹ. Ẹ tọ́ ọ wò lórí páálí kó tó kan kánfáásì.

Ti ọ̀dà tó ń gbẹ kò le. Omi inú rẹ̀ ló ń fẹ́ lọ, fáànù sì ń lé e. Ẹ yí fáànù kúrò lọ́dọ̀ àwo. Ẹ tẹ́ aṣọ rírin sínú ike pẹlẹbẹ tó ní ìdérí, ẹ tẹ́ bébà tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń tẹ́ sínú agolo lé e, orí rẹ̀ ni kí ẹ ti máa po ọ̀dà. Ìgò tí ẹ fi ń fọ́n omi sí aṣọ kí ẹ tó lọ̀ ọ́, òun náà ni kí ẹ máa fọ́n sí i.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ńkọ́? Aina Onabolu, ògbóǹtarìgì ayàwòrán ilẹ̀ wa, fúnra wọn ló kọ́ ara wọn. 1906 ni wọ́n ya àwòrán obìnrin kan tó ń jẹ́ Mrs Spencer Savage, 1920 ni wọ́n tó lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní London. Ọdún 14 ló wà láàárín. Ẹ gbé àwòrán ìyá yín ti oṣù kẹfà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú ti oṣù kẹjọ. Ó dá mi lójú pé ẹ ó rí àṣìṣe nínú ti oṣù kẹfà tí ẹ kò rí nígbà náà. Ojú yín ti là sí i; ọwọ́ ni kò tíì bá a. Lọ́dún kìíní tèmi, nítorí owó kánfáásì, mo kun funfun bo gbogbo èyí tí mo rò pé kò dára. N kò ní ẹyọ kan mọ́ tí mo lè fi wé, ó sì ń dùn mí di òní.

Ti ẹ̀gbọ́n ọkọ yín: bí fótò fóònù tí wọ́n fi fìláàṣì yà lẹ ń wò, ẹ pa á tì. Fìláàṣì máa ń pa òjìji, ojú á tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní sí ibi tí ẹ ó dì mú. Ẹ ní kí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, kí ẹ ya òmíràn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ kì í gé aṣọ láìwọ̀n ọ́n, ẹ má sì kun ojú láìwọ̀n ọ́n. Ẹ fa ilà onígun mẹ́rin lé fótò náà, ẹ fa iye kan náà sórí bébà búráùn tó tóbi tó kánfáásì, kí ẹ máa ya ohun tó wà nínú ìgun kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó bá jọ wọ́n lórí bébà ni kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kun ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fi pẹ́ńsù tọ ilà rẹ̀ sórí kánfáásì. Kánfáásì yẹn ṣì wúlò: ẹ fi sáńpépà ha á fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ kun gesso, ọ̀dà funfun tí a fi ń tẹ́ ìsàlẹ̀ kánfáásì, sí i lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ẹ ya fótò rẹ̀ kí ẹ tó bò ó, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i.