Ibà tí eégbọn ń fà lára ẹni tí àjẹsára rẹ̀ kò lágbára

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà ni àbúrò mi ọkùnrin ń gbé, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún un. Lóṣù Kẹfà, ara rẹ̀ gbóná janjan, orí ń fọ́ ọ, gbogbo oríkèé sì ń ro ó. Àwa ará ilé sọ fún un lórí fóònù pé ibà ni, kí ó wá oògùn ibà lò. Nígbà tí ó dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní kòkòrò tí eégbọn gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Ara rẹ̀ ti yá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Ṣé eégbọn tí a ń já lára ajá láti kékeré náà ni? — Òǹkàwé kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu àbúrò yín. Ohun tí ẹ sọ fún un ni ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá sọ, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí gbogbo ẹbí tí ó ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lókè òkun ka lẹ́tà yín.

Kì í ṣe eégbọn ajá ilé wa ni. Èyí tí ó pọ̀ ní Missouri, Arkansas àti gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pè ní lone star. Abo rẹ̀ ní àmì funfun kan ṣoṣo lẹ́yìn, bí ẹni kán ẹfun sí i, ara àgbọ̀nrín ni ó sì ti sábà máa ń mu ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí tí ó ń gbé kiri ni Ehrlichia. Ní 1986 ni wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn yìí lára èèyàn ní Amẹ́ríkà, lára ọkùnrin ẹni ọdún 51 kan tí eégbọn jẹ ní ìgbèríko Arkansas. Ní 1999, àwọn oníṣègùn ròyìn èèyàn mẹ́rin ní Missouri tí irú mìíràn, Ehrlichia ewingii, mú, bẹ́ẹ̀ ajá nìkan ni wọ́n ti rò pé ó ń mú. Mẹ́ta nínú wọn ń lo oògùn tí ń dín agbára àjẹsára, ìyẹn agbára tí ara fi ń bá àrùn jà, kù, bíi ti àbúrò yín gan-an.

Inú sẹ́ẹ̀lì funfun, tí í ṣe ẹ̀ṣọ́ ara, ni kòkòrò yìí ń sá wọ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti ń bí sí i. Oògùn tí àbúrò yín ń lò lójoojúmọ́ kí ara má baà kọ kíndìnrín tuntun náà ni ó tún so àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ẹni tí ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, àti ẹni tí HIV ti ba àjẹsára rẹ̀ jẹ́. Àìsàn tí ẹlòmíràn yóò fi ọjọ́ díẹ̀ dùbúlẹ̀ fún lè kọ lu ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ wọn.

Ọjọ́ 5 sí 14 lẹ́yìn tí eégbọn bá jẹ èèyàn ni ara máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Orí fífọ́, ara ríro, èébì: kò sí èyí tí ibà ẹ̀fọn kì í mú wá nínú wọn. Ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ pé nǹkan jẹ wọ́n, nítorí pé ọmọ eégbọn lè má tó hóró yàmọ̀tí, jíjẹ rẹ̀ kì í sì í dunni. Doxycycline ni oògùn rẹ̀, a kì í sì í dúró de èsì àyẹ̀wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀, ibà náà sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Oògùn ibà tí à ń rà ní kẹ́míìsì kò lè pa kòkòrò yìí. Kí ó tún rán dókítà rẹ̀ létí bí ó bá ń lo Septrin, oògùn apakòkòrò tí ó ní sulfa nínú, nítorí pé a ti rí i tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń bá àìsàn yìí rìn nígbà tí ó bá le. Ṣùgbọ́n kí ó má fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá oògùn kankan dúró. Nígbà mìíràn tí ó bá pè yín pé ara òun gbóná, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó wọ inú koríko tàbí igbó láìpẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń sin màlúù, mo sì ń lo oògùn HIV. Ṣé kí n máa bẹ̀rù eégbọn ara màlúù? — Òǹkàwé kan, Ṣakí.

ÌDÁHÙN: Bí ẹ kò bá pa oògùn yín jẹ, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé kòkòrò HIV ti lọ sílẹ̀ gan-an, àjẹsára yín ń ṣiṣẹ́, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n eégbọn ńlá aláwọ̀ mèremère tí ń lẹ̀ mọ́ màlúù wa lè gbé Rickettsia africae, tí ń fa ibà pẹ̀lú eépá dúdú ní ojú ibi tí ó ti jẹni. Doxycycline náà ni wọ́n fi ń wò ó. Ẹ má da kẹrosíìnì sí eégbọn tí ó bá lẹ̀ mọ́ yín, ẹ má sì fi iná sun ún. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré dì í mú níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ awọ ara, kí ẹ fà á tààrà sókè láìlọ́ ọ, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yọ ọ́ sílẹ̀. Bí ara bá gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà.