Wáyà Áàtì Tí Wọ́n So Mọ́ Nútírà: Ẹ Tú U Kí Ẹ Tó Ra Ọ̀dà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Olùkọ́ ni mí ní Akóbọ̀. Ohun tí mo fi ń gbafẹ́ ni kí n máa ra ẹ̀rọ ìfọṣọ àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn onírin, kí n tún un ṣe. Mo rí Hoovermatic ọlọ́pọ́n méjì kan rà lórí ọmọlanke. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ìpẹtà ti jẹ ìdí rẹ̀. Irú ọ̀dà wo ni kí n fi kùn ún? Tẹ́lẹ̀, ó máa ń gbé mi tí ọwọ́ mi bá tutù. Oníná àdúgbò wa wá so wáyà áàtì rẹ̀ mọ́ nútírà nínú pílọ́ọ̀gì, torí ilé wa kò ní áàtì. Láti ìgbà náà, kò gbé mi mọ́.

Ìdáhùn: Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì yẹn lára ògiri kí ẹ tó ka gbólóhùn kejì. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà á dé, òun kọ́ ló kàn. Ohun tí ẹ fi kádìí lẹ́tà yín gan-an ni ìṣòro, ẹ sì kọ ọ́ bí ohun tó ti yanjú.

Kò yanjú o. Ìbéèrè yìí ti dé ọ̀dọ̀ mi léraléra. Lónìí, á jẹ́ ti fíríìjì ní Ọ̀jọ́ọ̀. Lọ́la, á jẹ́ ti ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga ní Arẹ́mọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn oníná ń sọ fún wọn: "Nútírà àti áàtì, ìkan náà ni." Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ ọ, torí mo ti rí ibi tó ń já sí.

Wáyà mẹ́ta ló wọ inú ẹ̀rọ yín. Láífù ni iná ń gbà wọlé, nútírà ló ń gbà padà lẹ́yìn tó bá ṣiṣẹ́ tán. Áàtì kì í gbé iná rárá níjọ́ tí gbogbo nǹkan bá wà bó ṣe yẹ. Ara páànù ẹ̀rọ ni wọ́n dè é mọ́, kó lè jẹ́ pé bí láífù bá ṣèèṣì kan páànù, iná á rí ọ̀nà tó rọrùn ju ara ọmọ ènìyàn lọ gbà dé ilẹ̀, fíúsì á jó tàbí bírékà á já. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ áàtì fi gùn ju méjì tó kù lọ lára pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta: òun ló ń kọ́kọ́ wọlé, òun ló ń jáde kẹ́yìn.

Òótọ́ ni pé wọ́n ń so nútírà mọ́ ilẹ̀ nídìí tírańsífọ́mà. Ibẹ̀ ni àwọn oníná ti rí ọ̀rọ̀ ìkan-náà-ni mú. Ṣùgbọ́n láti ìdí tírańsífọ́mà dé ilé yín, òpó mélòó ló wà? Wáyà tó ti gbó ni, tí wọ́n fọwọ́ lọ́ pọ̀, tí ìjì òjò àkọ́rọ̀ ń fì síwá fì sẹ́yìn. Bí nútírà bá já lórí òpó, láífù ṣì ń wọlé. Á gba inú gílóòbù pálọ̀, á gba inú fíríìjì, á bọ́ sórí nútírà ilé, á máa wá ọ̀nà àtipadà, kò ní rí. Gbogbo nútírà inú ilé á di láífù, ó lè tó fólítì 230. Níbo sì ni oníná yín so ara ẹ̀rọ mọ́? Orí rẹ̀ náà ni. Kò ràn án pé ẹ ti pa ẹ̀rọ, torí láífù nìkan ni ọ̀pọ̀ súwíìsì ń gé.

Mo fojú mi rí i ní Mọ́lété. Ìjì jà lóru, iná ilé ń ṣe bàìbàì nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wà lẹ́yìnkùlé, pípa ló wà, aṣọ ìkókó ló kún inú rẹ̀. Ìyá ilé fi ọwọ́ tútù ṣí ọmọrí, ọwọ́ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn, kò lè jù ú sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló fi igi ìgbálẹ̀ gbá apá rẹ̀ kúrò. Nígbà tí mo dé, mo fi ẹnu tẹ́sítà kan etí páànù, ó tàn yòò. Mo tú pílọ́ọ̀gì: wáyà aláwọ̀ ewé ti lọ́ mọ́ dúdú, wọ́n sì fi téèpù wé e nígbà mẹ́ta, iṣẹ́ ẹni tó gbà pé òun ṣe dáadáa. Ìyá náà yè é, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí dòní.

Kò tilẹ̀ dìgbà tí ìjì bá jà. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì so láífù sí àyè nútírà, tó so nútírà sí àyè láífù lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, tàbí lórí òpó nígbà tí wọ́n ń tún iná ṣe, kíá ni ara ẹ̀rọ yín di láífù. Ẹ kọjú sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta: ihò áàtì ló wà lókè, ihò ọwọ́ ọ̀tún yín ni láífù. Ibẹ̀ nìkan ni tẹ́sítà gbọ́dọ̀ ti tàn. Bó bá tàn lósì, ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ẹ̀rọ àtijọ́ là tún ní wàhálà kan tí ẹni tó ra tuntun kò ní. Ẹ̀rọ tó ti Ìlú Ọba wá ṣáájú nǹkan bí 1970, láífù rẹ̀ pupa, nútírà dúdú, áàtì aláwọ̀ ewé. Lẹ́yìn ìgbà náà, láífù di aláwọ̀ ilẹ̀, nútírà di búlúù, áàtì di ewé pẹ̀lú ìlà yẹ́lò. Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀ pátápátá: láífù ni dúdú, funfun ni nútírà. Ẹni tó bá fi ojú kan ṣoṣo wo gbogbo wọn á pa ènìyàn.

Ìdí tí Hoovermatic yín kò fi gbé yín mọ́ ni pé iná tó ń jò ti rí nútírà gbà padà. Jíjò náà kò tíì dáwọ́ dúró. Ẹ wá a rí. Rọ́bà tí wọ́n fi bo wáyà láyé ìgbà yẹn máa ń gan, á máa là bí eèpo igi tó gbẹ; ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bó bá ń fọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Bó bá ní hítà, ìyẹ̀fun funfun inú rẹ̀ a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra tó bá ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ wo ìdí mọ́tọ̀ bóyá omi ọṣẹ ń kán sí i. Míítà kékeré tí ẹ rà lọ́jà lè má rí i, torí fólítì bátìrì rẹ̀ kéré. Ẹ wá ẹni tó ní mega, míítà tó ń fi fólítì 500 yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iná ń jò, kó wọ̀n ọ́n láàárín páànù àti wáyà méjèèjì, láífù àti nútírà, nígbà tí ẹ̀rọ kò sí lára iná. Ohm ni wọ́n fi ń wọn ìdènà iná; bí èyí tó rí kò bá tó mẹ́gà-ohm kan, ìyẹn mílíọ̀nù ohm kan, kò tíì yẹ fún lílò.

Kapásítọ̀, agolo kékeré tó ń ran mọ́tọ̀ lọ́wọ́, ńkọ́? Ó ń tọ́jú iná pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá yọ pílọ́ọ̀gì. Òmíràn tí wọ́n ṣe ṣáájú 1980 ní epo olóró nínú, ẹ má ṣe là á wò.

Ó ku áàtì ilé. Kí wọ́n ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀pá nìkan tó. Bí ilẹ̀ bá gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ìdènà ọ̀pá náà tó ohm 20, áńpù bíi 11 ààbọ̀ péré ló máa gba ibẹ̀ kọjá. Fíúsì áńpù 13 á jókòó, á máa wò ó. Ẹ ní kí wọ́n fi RCD mílíáńpù 30 sí i, bírékà tó ń ṣọ́ iná jíjò. Nígbà tó bá délé, ẹ máa tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dán an wò lóṣooṣù. Ṣílípáàsì rọ́bà kì í ṣe RCD o.

Èmi kò rí ẹ̀rọ yín, n kò sì rí ilé yín, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi rọ́pò ojú oníṣẹ́ tó ní mega lọ́wọ́. Títí ó fi máa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má fi aṣọ kankan sínú rẹ̀.

Ọ̀dà wá kàn. Inú mi dùn pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti fi òòlù fọ́ láti ta irin rẹ̀. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, nítorí náà ẹ rẹ ẹ́ lómi kí ẹ tó fi sánpépà họ ọ́, ẹ fi nǹkan bo imú, kí àwọn ọmọdé jìnnà síbẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹtà kùn ún lákọ̀ọ́kọ́, kó gbẹ, kí ẹ tó wá fi ọ̀dà ọkọ̀ lé e. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ wá ṣúrúù tó de áàtì mọ́ páànù, ẹ fi téèpù bò ó. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Bí ẹ bá kùn ún wọ abẹ́ ṣúrúù yẹn, ẹ ti tún gé áàtì náà nìyẹn. Lẹ́yìn tí ọ̀dà bá gbẹ, ẹ ṣí téèpù, ẹ họ ojú irin ibẹ̀ títí á fi dán, ẹ fi wọ́ṣà eléyín sí i, kí ẹ sì dè é kó le.