Kí ni "ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀" ń wá nídìí ìkòkò ìkọ́kọrẹ́?

Sìstà wa kan tó wà ní Vienna ló béèrè, ó ní òun pe ìyá ọkọ òun ní Ṣàgámù pé kí wọ́n kọ́ òun ní ìkọ́kọrẹ́, ife mélòó, ṣíbí mélòó, ni màmá bá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun." Ó dùn ún gan-an. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ìwé tí ìyá àgbà wọn kọ bí wọ́n ṣe ń yan strudel sí, ìyẹn ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n fi ń wé ápù. Ṣé màmá ń bú òun ni àbí wọ́n ń fi oúnjẹ wọn pa mọ́?

Kò séyìí níbẹ̀ jàre. Láyé ọjọ́un inú abọ́ kan ni gbogbo wọn ń tọwọ́ bọ̀, ọmọ tọ́wọ́ ẹ̀ dọ̀tí wọ́n á bu tiẹ̀ sọ́tọ̀ fún un kó lọ jẹ ẹ́ níta, àmọ́ èyí tó wẹwọ́, tó mọ̀wà hù, tí kì í fa ẹran ṣáájú àgbà, ìdí abọ́ ló máa jókòó sí, gbogbo ọ̀rọ̀ tágbà bá sọ níbẹ̀ etí ẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ọ̀rọ̀ yẹn lèrè ẹ̀ o, kì í ṣe òkèlè. Nítorí náà ohun tí màmá ń sọ ni pé wá dúró ti èmi, bó ewùrà, jẹ́ kó yún ẹ lọ́wọ́ díẹ̀, kó o rin ín.

Torí ká sòótọ́, ìkọ́kọrẹ́ ò ṣeé fi ife wọ̀n. Ewùrà kan lómi ju èkejì lọ. Ojú kékeré la fi ń rin ín, tó o bá fìka bù ú tó rọra fà kó tó já, ó ti dáa nìyẹn, tó bá ń ṣàn bí ògì, wàhálà ti dé. Ata, epo pupa, ẹja gbígbẹ àti edé á ti máa hó nínú ìkòkò, o wá ń ju ewùrà sí i ní kókó kókó, o dé e, o dín iná kù, o ò sì gbọdọ̀ fi ṣíbí kàn án títí àwọn kókó yẹn á fi dì. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́, wọ́n á rò ó pọ̀. Témi bá ní kí n sọ, èyí tí ò ní kókó kì í ṣe ìkọ́kọrẹ́.

Àwọn òyìnbó yẹn náà ńkọ́? Ìwé àfọwọ́kọ strudel ti ọdún 1696 ṣì wà ní láìbìrì ìlú Vienna yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa ìyẹ̀fun yẹn lórí aṣọ tábìlì títí á fi fẹ́lẹ́ tó o lè ka ìwé ìròyìn láti abẹ́ ẹ̀. Ìwé wo ló fẹ́ kọ́ ọwọ́ nìyẹn?

Tó o bá wálé fún Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, má sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ sọ́dọ̀ màmá. Kó tó dìgbà yẹn, pè wọ́n lórí fídíò, má béèrè ife mọ́, rin ín lójú wọn, wọ́n á pariwo fúnra wọn tó bá tó. Ewùrà ni kó o rà o, iṣu funfun ò ní dì bẹ́ẹ̀.