Pípe Orúkọ Òdòdó Ọgbà ní Èdè Faransé

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń ta òdòdó àti igi ọgbà lẹ́bàá títì tó lọ sí Sẹ̀mẹ̀, ní Àgbádárìgì. Àwọn oníbàárà tó ń ti Kútọnu àti Àjàṣẹ́ wá máa ń dárúkọ òdòdó ní èdè Faransé, ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu wọn kì í sì í jọ ohun tí a kọ sára páálí. Báwo ni kí n ṣe máa pe bougainvillier, laurier-rose àti flamboyant, kí n sì kọ wọ́n láìṣàṣìṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o. Ọ̀rọ̀ àmì ni kí á kọ́kọ́ yanjú, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ó ti ń dojú rú mọ́ àwa Yorùbá lọ́wọ́: àmì orí lẹ́tà Faransé kì í ṣe àmì ohùn rárá. É wọn ni e tiwa, è wọn sì ni ẹ tiwa. Iṣẹ́ tí àmì ìsàlẹ̀ ń ṣe fún wa ni ti òkè ń ṣe fún wọn.

Bougainvillier (bu-gẹn-vi-lye) àti bougainvillée (bu-gẹn-vi-le) ni wọ́n ń pe òdòdó kan náà, méjèèjì ló sì tọ̀nà. Ou ni u tiwa. Ain sì ni ìró ẹn tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ wa “ìyẹn”. V kò sí ní Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbọ́ èdè Ògù ní Àgbádárìgì kò ní wá a jìnnà, òun ló bẹ̀rẹ̀ vodun. Àwọn tó ti kọ́ Faransé díẹ̀ ló sábà máa ń ṣi ill pè níhìn-ín, nítorí wọ́n mọ̀ pé y ni wọ́n ń pè é nínú vanille. Ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn ló wà nídìí èyí, Louis-Antoine de Bougainville, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, l sì ni l tirẹ̀. Commerson, onímọ̀ ewéko tó bá a rìn, ló rí òdòdó náà ní Rio de Janeiro lọ́dún 1767. Nígbà tí Jussieu, onímọ̀ ewéko mìíràn, tẹ orúkọ rẹ̀ jáde lọ́dún 1789, Buginvillaea ló kọ, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó tún un ṣe. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi àṣìkọ rẹ̀ bú yín. B ńlá ni ti ọ̀gá ọkọ̀, b kékeré ni ti òdòdó.

Laurier-rose rọrùn: lọ-rye-rooz. Ier tó wà níparí ọ̀pọ̀ orúkọ igi kì í ní r lẹ́nu. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ kọ lauriers-roses, ṣùgbọ́n ẹ má pe s méjèèjì tó kẹ́yìn wọn. (Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó bá ní ewúrẹ́ nílé, torí májèlé ni látewé dé gbòǹgbò.)

Flan-bwa-yan ni flamboyant. T rẹ̀ kò dún. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ìró “an”. Ìró kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè nínú ìtàn àti ìbọn, àkọtọ́ nìkan ló yà wọ́n. Lẹ́nu àwọn Faransé, an àti on kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ ya ẹnu gbàgàdà fún an, kí ẹ sì ká ètè roboto fún on inú citron, èso tó jọ ọsàn wẹ́wẹ́. Bí ó bá wá di igi rẹ̀, citronnier, on náà kò gba imú mọ́: si-trọ-nye ni.