Kí ni “òkìtì” tó wà nínú Jóṣúà 8:28?

Ẹni tó bi wá ní ìbéèrè yìí ní òun gbọ́ lórí rédíò pé òkè tí Ọlọ́run dá ni òkìtì tí Jóṣúà sọ ìlú Áì dà. Irọ́ ni o! Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. “Tel” ni Hébérù pè é níbẹ̀, àwọn Lárúbáwá náà ń pè é ní “tell”. Ọwọ́ ọmọ èèyàn ló mọ ọ́n.

Ẹni tó gbé ilé alámọ̀ rí á tètè mọ̀ ọ́n. Òjò wó ilé ìyá bàbá mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un kọ́, wọn ò kó àlàpà yẹn dànù. Wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, àpáàdì àti eérú ń bẹ nínú rẹ̀, wọ́n sì mọ ògiri tuntun lé e. Ilé kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí odindi ìlú máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, òkìtì dé nìyẹn. Ẹ ka Jeremáyà 30:18, orí òkìtì ìlú ni wọ́n ti máa tún ìlú kọ́.

Wíwalẹ̀ irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí Kathleen Kenyon, awalẹ̀pìtàn ọmọ London tí wọ́n bí ní 1906, fi gbajúmọ̀. Ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ ní Great Zimbabwe àti ní Samáríà, ṣùgbọ́n Jẹ́ríkò ni kókó. Láti 1952 sí 1958 ló fi walẹ̀ ní Tell es-Sultan, òkìtì Jẹ́ríkò àtijọ́, tí bíríìkì amọ̀ tí wọ́n sá sóòrùn pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ń gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin, ó sì ń dá ògiri erùpẹ̀ sí láàárín wọn, kí ojú lè rí bí ilé ṣe gun orí ilé. John Garstang tó ṣáájú rẹ̀ walẹ̀ níbẹ̀ ti ní òun rí ògiri tó wó lójú Jóṣúà. Kenyon ka erùpẹ̀, ó ka àpáàdì, ó ní ògiri yẹn ti wó ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú ìgbà Jóṣúà. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni obìnrin yìí o, síbẹ̀ ohun tí ilẹ̀ wí ló sọ. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó bá ilé ìṣọ́ olókùúta tó ga ju mítà 8 lọ, tó ti tó nǹkan bí 10,000 ọdún.

Àwa ńkọ́? Katapílà la fi ń kó àlàpà tiwa dà sódò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi béèrè ohun tó ń jẹ́ àlàpà. Mo mú un lọ sí àdúgbò wa àtijọ́ kí n lè fi ọ̀kan hàn án. A rìn títí, a ò rí ẹyọ kan.